Ajá, Ejò àti Ẹ̀yìnkùlé: Ìdáàbòbò Ajá Ilé ní Bassila àti Manigri

Ní ọ̀pọ̀ ilé, ajá ni ó máa ń kọ́kọ́ mọ̀ pé ejò ti wọ àgbàlá. Kí ọmọdé tó rí i, kí ìyá àgbà tó gbé àtùpà, ajá ti dúró sí ojú kan, ó ń gbó, ó ń sún mọ́ ọn, ó ń sá padà sẹ́yìn. Imú ni ajá fi ń wádìí ọ̀rọ̀. Ohun tí ènìyàn máa fi igi tì wò, ajá á fi imú rẹ̀ kàn án. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé imú, ẹnu àti ẹsẹ̀ iwájú ni eyín ejò sábà máa ń bá lára rẹ̀. A fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe lè tọ́jú àyíká ilé kí ejò má fi ibẹ̀ ṣe ibùgbé, bí a ṣe lè kọ́ ajá kí ó gbọ́ ìpè, àti ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe bí ejò bá ti ṣán an. A ó sì sọ ojú tí a fi ń wo àwọn oògùn tí a jogún, torí pé ẹgbẹ́ tí ń ṣàkójọ àṣà kò gbọdọ̀ fo apá tí ó nira nínú rẹ̀.

Bassila wà ní ìpínlẹ̀ Donga ní orílẹ̀-èdè Benin, lórí ọ̀nà ńlá tí ó gba Savalou àti Bantè lọ sí Djougou. Manigri wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan náà, pẹ̀lú Alédjo àti Pénessoulou. Nàgó ni èdè ilé ní Manigri, ẹ̀ka èdè Yorùbá tí wọ́n tún ń sọ ní Kambolé ní ilẹ̀ Togo. Ní Bassila, Aníì ni èdè àwọn onílẹ̀, àwọn Kotokólí àti Fúlàní sì wà láàárín wọn. Ilẹ̀ náà kì í ṣe ọ̀dàn gbalasa, kì í sì í ṣe igbó dúdú. Méjèèjì ló pàdé níbẹ̀. Igbó ìjọba wà nítòsí, ti Bassila, ti Pénessoulou àti ti Òkè Kouffé, oko iṣu àti oko kajú sì wọ inú ara wọn títí dé ẹ̀yìnkùlé. Òjò ń rọ̀ láti nǹkan bí oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá, ẹ̀ẹ̀rùn ló gba ìyókù. Ẹni tí ó bá mọ bí ọdún ṣe ń yí níbẹ̀ ti mọ ìdajì ohun tí ó yẹ kí ó mọ̀ nípa ejò.

Ajá kì í ṣe àlejò ní ilé Yorùbá. Ògún ló ni ín, ọdẹ ló sì ń bá rìn. Orúkọ tí a ń fún un sábà máa ń jẹ́ òwe, tí olówó rẹ̀ fi ń sọ ohun tí kò lè sọ lójú aládùúgbò. Ó kàn ń pe ajá rẹ̀ ni, ẹni tí ọ̀rọ̀ bá sì kàn á gbọ́. Ní agbègbè Bassila, níbi tí Mùsùlùmí ti pọ̀, ọ̀pọ̀ ilé kì í jẹ́ kí ajá wọ yàrá, nítorí itọ́ rẹ̀ tí ẹ̀sìn kà sí ohun àìmọ́. Kùránì fúnra rẹ̀ sì fàyè gba ẹran tí ajá ọdẹ tí a kọ́ bá pa wá (5:4), nítorí náà a kò lè sọ pé Mùsùlùmí kì í sin ajá. Àbájáde rẹ̀ ni pé ìta ni ajá ń sùn: ẹ̀gbẹ́ ààrò, abẹ́ àká iṣu, ẹ̀yìn òkìtì igi ìdáná. Ibẹ̀ gan-an ni ejò náà fẹ́. A kò sọ èyí láti bá ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni jà. Ajá lè sùn níta láìséwu bí a bá ṣe ibùsùn fún un, a ó sì dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ejò tí ó burú jù fún ajá ní irú ilẹ̀ yìí ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Bitis arietans, tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ń pè ní paramọ́lẹ̀, tí àwọn mìíràn sì ń pè ní ọká. Ó sanra, ó kúrú, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí ewé gbígbẹ. Ejò mìíràn á sá bí ó bá gbúròó ẹsẹ̀. Èyí kì í sá. Ó á dúró sí ojú kan, ó á fẹ ara rẹ̀, ó á mí fùùù bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Ènìyàn tí ó bá gbọ́ ohùn yẹn á padà sẹ́yìn. Ajá á lọ wò ó. Oró rẹ̀ ń mú kí ara wú, ó ń ba ẹran ara jẹ́, ó sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà.

Ṣèbé, Naja nigricollis, yàtọ̀. Ó ń gbé orí sókè, ó sì ń tu oró láti ọ̀nà jíjìn, ojú ni ó sì máa ń fojú sùn. Ajá tí ó bá gba oró yìí lójú á máa fi ẹsẹ̀ nu ojú, á máa yí lórí ilẹ̀, á máa ké. Bí a kò bá tètè fọ ojú náà, ó lè fọ́. Bí ṣèbé bá bu ajá jẹ ní tòótọ́, ibi tí ó bù á wú, ẹran ibẹ̀ á sì máa kú. Àwọn ìbátan ṣèbé kan tún wà tí oró tiwọn ń lọ sí iṣan: ajá á máa ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀, ìpéǹpéjú á wálẹ̀, èémí á sì máa dínkù láìsí wíwú tí ó ṣe é rí.

Ejò kékeré kan wà ní ọ̀dàn tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Echis, tí gígùn rẹ̀ kì í tó apá ènìyàn. Bí ó bá ń bínú, ó máa ń ká ara rẹ̀ jọ, á fi ìpẹ́ gbo ìpẹ́, tí yóò máa dún bí ìgbà tí a ń fi ayùn ya igi. Oró rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Kékeré tí ó kéré yẹn ni àwọn ènìyàn fi ń fojú di í, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sì ń pa ní àríwá Benin, Togo àti Nàìjíríà. Òmíràn ni Causus, ejò kúkúrú tí ń jẹ ọ̀pọ̀lọ́, tí ó sì ń rìn yí ilé ká lálẹ́ nígbà òjò. Oró tirẹ̀ kì í sábà pa ajá tó dàgbà, ṣùgbọ́n ó ń mú kí ojú àti imú rẹ̀ wú. Erè kò ní oró rárá. Agbára ló ní: èyí tó tóbi nínú wọn lè fún ajá pa kí ó sì gbé e mì, pàápàá lẹ́bàá odò.

Mọ́námọ́ná náà wà, ejò tí ń ká ara rẹ̀ bí bọ́ọ̀lù bí ẹ̀rù bá bà á. Ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ní Ouidah, wọ́n ní tẹ́ńpìlì fún ejò yìí, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ pa á. Òun náà ni Benin, Togo àti Gana ń kó ránṣẹ́ sí òkè òkun fún àwọn tí ń fi ejò ṣeré nílé, kò sì ṣe é kó jáde láìní ìwé àṣẹ, nítorí ó wà nínú àkójọ ẹranko tí àdéhùn àgbáyé ń ṣọ́. Kò lè ṣe ajá ní nǹkan kan. Eku ni ó ń jẹ. Ẹni tí ó bá pa mọ́námọ́ná ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ti pa ọlọ́dẹ eku tí kò gba owó oṣù.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí yẹ kí a dúró lé díẹ̀. Láti ìlú kan sí òmíràn, ọká àti paramọ́lẹ̀ lè pààrọ̀ ara wọn, àgbádú lè jẹ́ ejò dúdú èyíkéyìí, bí ilẹ̀ bá sì ti ṣú, ọ̀pọ̀ àgbà kì í pe orúkọ rẹ̀ rárá. Okùn ilẹ̀ ni wọn yóò pè é. Àṣà tó dára ni, a sì fẹ́ kí ó wà. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá sáré dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì tàbí dókítà ẹran tí ó sì ní okùn ilẹ̀ ló ṣán ajá, kò tíì sọ nǹkan kan. Kí ó sọ bí ó ṣe rí: ó sanra tàbí ó tín-ín-rín, ó gbé orí sókè tàbí kò gbé e, ó dún tàbí kò dún, ilẹ̀ ti ṣú tàbí ojú ọjọ́ ṣì mọ́. Àpèjúwe yẹn wúlò ju orúkọ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣèwádìí èdè ní Manigri àti Kambolé, bí ẹ bá ń kọ orúkọ ejò sílẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ àwòrán ara rẹ̀ àti ìwà rẹ̀ mọ́ ọn. Orúkọ láìsí àpèjúwe kò ní ran ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lọ́wọ́.

Kí ló ń gbé ejò wá sílé? Oúnjẹ ni. Ejò kò wá ajá, kò sì wá ènìyàn. Àtùpà tí a gbé sí ẹnu ọ̀nà ní gbogbo òru ń pe kòkòrò, kòkòrò ń pe ọ̀pọ̀lọ́, ọ̀pọ̀lọ́ ń pe ejò. Ẹ̀kọ tàbí àmàlà tí ajá jẹ kù tí a fi sílẹ̀ nínú àwo rẹ̀ mọ́jú ń pe eku, eku náà ń pe ejò. Àwo omi ajá tí ó ń jò sílẹ̀ ń mú kí ibẹ̀ tutù, ọ̀pọ̀lọ́ á fi ibẹ̀ ṣe ilé. Ilé adìyẹ tí ó wà nílẹ̀ ní ẹyin àti òròmọdìyẹ. Àká iṣu ní èkúté. Nítorí náà, ẹni tí ó fẹ́ lé ejò lọ, eku àti ọ̀pọ̀lọ́ ni kí ó kọ́kọ́ lé. Kí a kó àwo ajá nílẹ̀ ní kété tí ó bá jẹun tán ní ìrọ̀lẹ́. Kí a fi gbogbo ihò eku tí ó wà ní ìdí ògiri dí pẹ̀lú amọ̀ tàbí sìmẹ́ǹtì. Kí a gbé ilé adìyẹ sórí ẹsẹ̀. Kí ààtàn jìnnà sí ilé, kí ajá má baà máa fi ibẹ̀ ṣe ọjà.

Igi ìdáná ni olórí ẹlẹ́bi. Òkìtì igi tí ó jókòó sórí ilẹ̀ fún oṣù mélòó kan ti di ilé ejò tí ó pé: òjìji wà, eku wà, ihò wà. Kí a to igi náà sórí òpó tàbí òkúta kí afẹ́fẹ́ máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, kí a sì to ó sí ibi tí ó jìnnà sí ibùsùn ajá. Bákan náà ni òkìtì bíríkì àti páànù àtijọ́ tí a ní a ó lò lọ́jọ́ kan.

Ibùsùn ajá fúnra rẹ̀ kò ná ni ní nǹkan púpọ̀. Pẹpẹ igi tí ó ga tó orúnkún, tí abẹ́ rẹ̀ ṣófo tí a sì lè máa gbá a, pẹ̀lú páànù díẹ̀ lókè fún òjò. Kí a má fi koríko gbígbẹ tẹ́ ẹ. Ẹní àtijọ́ tàbí àpò ni kí a lò, kí a sì máa gbọ̀n ọ́n ní ojúmọmọ. Bí a bá ń so ajá mọ́lẹ̀ lálẹ́, gbogbo ibi tí okùn rẹ̀ bá dé gbọdọ̀ mọ́ tónítóní. Ajá tí a so sínú koríko kò ní ibi tí yóò sá sí. Ní tiwa, kò sí ohun tí a rí tí ó burú tó èyí: kí a so ẹranko mọ́ ojú ọ̀nà ejò, kí a wá máa bi í pé kí ló dé tí kò yẹra.

Àkókò ọdún náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀, ejò á jáde, ọ̀pọ̀lọ́ á jáde, àgbẹ̀ náà á jáde lọ kọ ebè. Nígbà ọyẹ́, iná ọ̀dàn á jó ìgbẹ́, ohun gbogbo tí ó lè rìn á sì sá lọ síbi tí iná kò dé. Ibi tí iná kò dé ni àgbàlá wa tí a ti gbá. Lẹ́yìn tí iná bá jó igbó tí ó wà nítòsí, fún ọjọ́ mélòó kan, kí a má tú ajá sílẹ̀ lálẹ́. Láti nǹkan bí oṣù kejì sí ìkarùn-ún ni ìkórè kajú. Abẹ́ igi kajú kún fún ewé gbígbẹ, paramọ́lẹ̀ sì jọ ewé gbígbẹ. Àwọn obìnrin àti ọmọdé ń fi ọwọ́ ṣa kajú nílẹ̀, ajá ń sáré níwájú wọn. Gbígbá ewé kúrò lábẹ́ igi kí ìkórè tó bẹ̀rẹ̀ ń dáàbò bo oko lọ́wọ́ iná, ó ń dáàbò bo ọwọ́ ẹni tí ń ṣa kajú, ó sì ń dáàbò bo imú ajá.

Àwọn ohun kan wà tí àwọn ènìyàn ń lò láti lé ejò: imí ọjọ́, àlùbọ́sà ayù, epo àtùpà tí a dà yí ilé ká, káńfọ̀, táyà tí a sun. A ti rí i pé ó wọ́pọ̀, a sì mọ ìdí rẹ̀: ó rọrùn ju kí a tún òkìtì igi tò lọ. Kò sí ẹ̀rí gidi pé èyíkéyìí nínú wọn ń dá ejò dúró. Èyí tí ó burú ni pé wọ́n ń pa ajá lára. Epo àtùpà ń bó àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ń ṣèpalára bí ó bá lá a. Káńfọ̀ jẹ́ májèlé fún un. Ayù àti àlùbọ́sà pàápàá kò dára fún ẹ̀jẹ̀ ajá bí ó bá jẹ ẹ́ púpọ̀. Ní ti ṣaworo tí ọdẹ ń so mọ́ ajá lọ́rùn, ó ń jẹ́ kí ọdẹ mọ ibi tí ajá wà. Ejò tí ó fẹ́ jókòó yóò jókòó síbẹ̀.

Ohun tí ọdẹ ní tí ó wúlò gan-an ni fèrè. Gbogbo wa ló mọ òwe pé ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. A sábà máa ń fi òwe yẹn dá ajá lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ajá kì í bí mọ́ fèrè. Kíkọ́ ni a ń kọ́ ọ. Láti ìgbà tí ó bá ti tó nǹkan bí oṣù méjì, kí a máa fọn fèrè tàbí kí a máa súfèé kan náà kí a tó gbé oúnjẹ sílẹ̀ fún un. Lẹ́yìn náà kí a máa fọn ọ́n nígbà tí ó bá ń ṣeré, kí a fún un ní ẹran díẹ̀ bí ó bá wá. Lẹ́yìn náà, nígbà tí ó bá ń lé alángbá. Ẹni tí ó bá lè pe ajá kúrò lẹ́yìn alángbá lè pè é kúrò níwájú ejò. Kí a má ṣe nà án bí ó bá pẹ́ kí ó tó dé, torí ajá tí a nà nígbà tí ó dé kò ní dé mọ́. Bí ajá bá sì ti ń gbó ejò, kí a má sáré lọ síbẹ̀ pẹ̀lú igi kí a máa pariwo. Ariwo wa ni ajá máa ń rò pé ó jẹ́ àṣẹ pé kí ó wọlé jà. Ká dúró lókèèrè, ká fọn fèrè, ká so ó mọ́lẹ̀, nígbà náà ni a tó lè ro ti ejò.

Ní Amẹ́ríkà, abẹ́rẹ́ àjẹsára kan wà tí wọ́n ń fún ajá nítorí ejò ìlú wọn. Àwọn tó wà ní òkè òkun máa ń béèrè bóyá wọ́n lè fi ránṣẹ́ sílé. Kò wúlò níbí: oró ejò tiwọn ni wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe ti ṣèbé tàbí ti Echis.

Bí ejò bá ti ṣán ajá, ohun àkọ́kọ́ ni kí a mú un kúrò níbẹ̀, kí a sì má jẹ́ kí ó rìn. Gbígbé ni kí a gbé e. Kí a tú okùn ọrùn rẹ̀, ṣaworo àti oògùn tí a so mọ́ ọn, torí bí orí àti ọrùn bá wú, okùn yẹn ni yóò fún un pa. Ọ̀pọ̀ ajá tí a rò pé oró ló pa, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé èémí ló wọ́n wọn. Bí ó bá ń gbìyànjú láti bu ènìyàn jẹ nítorí ìrora, a lè fi aṣọ so ẹnu rẹ̀, àfi bí ojú rẹ̀ bá ti wú, bí ó bá ń bì, tàbí bí èémí rẹ̀ kò bá já gaara. Bí ó bá jẹ́ pé ṣèbé tutọ́ sí i lójú, omi mímọ́ ni kí a máa dà sí i, díẹ̀díẹ̀, fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán. Kì í ṣe ọmú ìyá, kì í ṣe ìtọ̀, kì í ṣe oje ewé. Kí a wo aago, kí a rántí ìgbà tí ó ṣẹlẹ̀. Kí a má mú ejò náà lọ́wọ́, kódà bí a bá ti gé orí rẹ̀. Orí ejò tí a gé ṣì lè bù ni jẹ. Àwòrán fóònù láti òkèèrè tó.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ tí a ti ṣèlérí. Kí a má fi abẹ gé ojú ibi tí ó ṣán an. Kí a má fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mu. Kí a má so okùn líle mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, torí pé oró tí ń ba ẹran ara jẹ́ yóò jókòó sójú kan, ẹsẹ̀ náà á sì kú. Kí a má rọ epo pupa tàbí wàrà sí i lẹ́nu: ajá tí kò lè gbé nǹkan mì dáadáa á gbà á sínú ẹ̀dọ̀fóró. Kí a má fún un ní oògùn ìrora tí ènìyàn ń lò, torí parasẹ́támọ́ọ̀lù àti ibuprofen lè pa ajá fúnra wọn. Òkúta dúdú tí a ń lẹ̀ mọ́ ojú ọgbẹ́, tí ó tàn ká Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, egungun ẹran tí a sun ni, kò sì lè fa oró tí ó ti wọ ara jáde.

Ẹnikẹ́ni tí ó ti rí ajá tí a lẹ òkúta mọ́ tí ó sì yè yóò sọ pé a ń purọ́. Ẹ jẹ́ kí a wo ìṣirò. Àjọ ìlera àgbáyé ní bí ejò ṣe ń bu ènìyàn jẹ lọ́dọọdún tó ìgbà mílíọ̀nù 5.4, ṣùgbọ́n mílíọ̀nù 1.8 sí 2.7 nínú rẹ̀ ni oró wọ ara wọn. Ìyẹn ni pé, ó kéré tán, ìdajì ni oró kò wọ̀. Àwọn kan jẹ́ ejò tí kò ní oró rárá. Àwọn kan ní oró ṣùgbọ́n wọn kò tú u sílẹ̀. Ti ajá kò ní ìṣirò báyìí, ṣùgbọ́n ejò kan náà ni. Ajá tí oró kò wọ ara rẹ̀ yóò yè bí a bá fi òkúta lé e, yóò yè bí a bá pọfọ̀ sí i, yóò sì yè bí a bá kàn jókòó tì í. Oògùn á gba ìyìn, a ó sì tún gbẹ́kẹ̀ lé e lọ́jọ́ tí oró bá wọlé. Lọ́jọ́ yẹn, wákàtí tí a fi gún ewé ni wákàtí tí ó yẹ kí a ti wà lójú ọ̀nà. A fẹ́ kí ọfọ̀ àti ìmọ̀ ewé àwọn ọdẹ wà nínú àkọsílẹ̀ wa pátápátá, kí a mọ ẹni tó ni wọ́n àti ìdí tí wọ́n fi ń pè é. Kíkọ ọ́ sílẹ̀ yàtọ̀ sí kí a dá ẹranko tí ń kú dúró nítorí rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ pọfọ̀, kí ó máa pè é lórí alùpùpù bí a ti ń gbé ajá lọ.

Lọ síbo? Sí ọ̀dọ̀ dókítà ẹran tí ó bá wà nítòsí. Láti Bassila sí Djougou lé ní kìlómítà 75, nítorí náà ó yẹ kí onílé ti ní nọ́ńbà fóònù dókítà ẹran lọ́wọ́ kí ejò tó dé. Oògùn kan ṣoṣo tí ń bá oró fúnra rẹ̀ jà ni abẹ́rẹ́ ejò, tí a ń ṣe láti inú ẹ̀jẹ̀ ẹṣin tí a ti fún ní oró díẹ̀díẹ̀. Ìmọ̀ yẹn ti wà láti ọdún 1890 sí 1899, nígbà tí Albert Calmette, ará Faransé, bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Síbẹ̀ abẹ́rẹ́ náà ṣọ̀wọ́n ní Áfíríkà. Ilé iṣẹ́ Sanofi dáwọ́ ṣíṣe èyí tí wọ́n ń pè ní FAV-Afrique dúró ní 2014, ti ìkẹyìn sì bàjẹ́ ní 2016. Ní 2017 ni àjọ ìlera àgbáyé wá ka ejò bíbunijẹ mọ́ àwọn àrùn tí a ti pa tì, ní 2019 wọ́n sì ní àwọn fẹ́ dín ikú àti àbùkù rẹ̀ kù sí ìdajì kí ó tó di 2030. Èyí tí ó wà báyìí, ènìyàn ni wọ́n kó o pamọ́ fún.

Ohun tí ó le jù nìyí. Ìwọ̀n abẹ́rẹ́ tí a nílò kò dá lórí ìtóbi ara, iye oró tí ejò tú sílẹ̀ ni ó dá lé. Ajá kékeré lè nílò iye ìgò tí àgbàlagbà nílò. Bí ìgò méjì péré bá wà ní ilé ìwòsàn kan lásìkò ìkọbè, a kò lè bẹ nọ́ọ̀sì pé kí ó fi fún ajá, bí ajá náà ti wù kí ó ṣọ̀wọ́n sí wa tó. Ọmọ tí yóò dé lálẹ́ ọjọ́ yẹn ló ni ín. A mọ̀ pé ọdẹ tí ajá rẹ̀ ti gbà á lọ́wọ́ ikú rí kò ní fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Nítorí náà ni a fi lo ìdajì àlàyé yìí lórí òkìtì igi àti àwo oúnjẹ.

Láìsí abẹ́rẹ́ náà, dókítà ẹran ṣì ní ohun púpọ̀ láti ṣe. Ó lè fún ajá ní omi sí iṣan, ó lè bá a dín ìrora kù pẹ̀lú oògùn tó yẹ, ó lè tọ́jú ọgbẹ́ kí ó má rà. Ó lè yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní ọ̀nà tí kò nílò ẹ̀rọ: kí a fi ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò kékeré tó mọ́ tó sì gbẹ, kí a gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20 láìfọwọ́kàn án. Bí kò bá dì, oró ti wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ó yẹ kí èyí jẹ́ ìkánjú pẹ̀lú ajá ju pẹ̀lú ológbò lọ: ní 2020, àwọn olùwádìí ní yunifásítì Queensland ní Ọsirélíà fi hàn pé oró ejò tí ń da ẹ̀jẹ̀ rú ń ṣiṣẹ́ lára ẹ̀jẹ̀ ajá kíákíá ju bí ó ti ń ṣe lára ti ológbò lọ.

Ajá tí ó bá yè, kí a má tú u sílẹ̀ kíákíá. Wíwú lè máa pọ̀ sí i fún ọjọ́ kan tàbí méjì kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ẹran tí oró pa lè má hàn títí di ọ̀sẹ̀ kan, tí awọ yóò wá máa bó. Ìtọ́jú ọgbẹ́ yẹn lè gba oṣù kan. Kí a máa wo ìtọ̀ rẹ̀: bí ó bá pupa tàbí bí ó bá dúdú, tàbí bí kò bá tọ̀, kí a dá a padà sọ́dọ̀ dókítà. Omi ni kí ó máa wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà gbogbo. Àwọn kan sì gbà pé ajá tí ejò ti ṣán rí ti gba àjẹsára, pé ejò kò lè pa á mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ara rẹ̀ kò ní ààbò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìgboyà rẹ̀ nìkan ni ó lè kù síbẹ̀. Kí ó tó padà sí igbó pẹ̀lú ọdẹ, kí a tún fọn fèrè fún un nínú àgbàlá fún ọjọ́ mélòó kan, kí a wo bóyá yóò wá.